Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Nígbà tí Aládàáni Bá Ń Bá Ológun Ṣòwò

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, a kọ díẹ̀ nípa òfin ọdún 2023 tó fàyè gba àwọn aládàáni láti bá DICON, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ohun ìjà ní Kàdúná, dòwò pọ̀. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé. Inú bí àwọn kan sí wa, àwọn kan fẹ́ kí a júwe ọ̀nà fún wọn, ẹnì kan tilẹ̀ fi ẹ̀dà ìwé gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ ránṣẹ́. A mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà, a gé èyí tó gùn jù kúrú, a kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé àwọn tó kọ̀wé ṣì ń pàdé àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn lójoojúmọ́.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ilé mi ní Mọ́kọ́lá kò sì jìnnà sí bárékè Letmauck. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń rí ọkọ̀ àwọn aládàáni tó ń kó oúnjẹ, aṣọ àti epo wọ ibẹ̀. Kí wá ni tuntun nínú ohun tí ẹ ń pè ní àjọṣepọ̀ ìjọba àti aládàáni? Àbí iṣẹ́ àgbàṣe àtijọ́ náà ni wọ́n wẹ̀, tí wọ́n tún sọ lórúkọ? (Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Mọ́kọ́lá)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kò jìnnà sí òótọ́. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn aṣojú ìjọba ń fi ẹnu gbogbo pè ní àjọṣepọ̀ kò ju ọjà rírà lásán lọ: aládàáni gbé ẹrù dé, ó gba owó, ó lọ. Bí ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ ń rí bá já ìrẹsì sílẹ̀, tí awakọ̀ gba ìwé ẹ̀rí pé ẹrù pé, tí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀, iṣẹ́ àgbàṣe ni.

Àpẹẹrẹ tí yóò tètè yé wa ní Ìbàdàn ni ti òde ṣíṣe. Ẹbí kan lè dáwó jọ kí wọ́n ra irínwó àga àti kánópì mẹ́jọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sanwó ni àga ti di tiwọn, bí òjò pa á, bí eku jẹ kánópì, bí ọmọ àdúgbò gbé méjì lọ, àwọn ni yóò fara gbá a. Ẹbí kejì kò ra nǹkan kan. Wọ́n pe ẹni tó ń fi àga yáni, wọ́n ní: ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, irínwó èèyàn gbọ́dọ̀ rí ibi jókòó lábẹ́ òrùlé tí kò jò. Àga tó ṣẹ́, ọkọ̀ tí yóò kó o wá, àwọn ọmọ tí yóò tò ó, owó tí wọ́n fi rà á níbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó ni àga. Ìjókòó ni ẹbí kejì sanwó fún, bí èèyàn mẹ́wàá bá sì wà lórí ìdúró, owó gbọ́dọ̀ dín. Níbi tí àdéhùn àárín ìjọba àti aládàáni bá ti rí bíi ti ẹbí kejì yìí, tó sì gùn dé ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni orúkọ àjọṣepọ̀ ti tọ́ sí i.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbé e dé ojú òfurufú. Ní ọdún 2008, ilé iṣẹ́ ètò ààbò ilẹ̀ wọn bá ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ AirTanker tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọdún 27, tí iye rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn, pé kí aládàáni náà wá bàálù ńlá 14 tí yóò máa rọ epo fún àwọn bàálù ogun lójú ọ̀run, tí yóò sì máa kó àwọn ọmọ ogun lọ síbi tí a bá rán wọn. Aládàáni ló yá owó, òun ló ra bàálù, òun ló ń tọ́jú wọn. Ìjọba ń sanwó iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2010, àwọn tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò nílẹ̀ náà kéde pé ilé iṣẹ́ ètò ààbò kò lè fi hàn pé ohun tí òun gbà tó owó tí òun fẹ́ san, wọ́n sì tọ́ka sí i pé kò sí ìhámọ́ra tí yóò dáàbò bo ibi tí àwọn awakọ̀ bàálù ń jókòó, èyí tí kò ní jẹ́ kí wọ́n lè fi wọ́n wọ ibi tí ewu ti pọ̀ bíi Afghanistan. Ẹ ò rí i pé ogun tí wọ́n ń jà lọ́wọ́ gan-an ni kò sí nínú àdéhùn. Ohun tí èèyàn bá gbàgbé láti kọ sínú ìwé ọdún 27, owó tuntun ni yóò fi rà á.

Nílẹ̀ wa níbí, òfin ọdún 2005 tó dá ICRC sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àjọṣepọ̀ pẹ̀lú aládàáni, ló ń darí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn tí ẹ bá gbọ́ tí aṣojú ìjọba kan dárúkọ àjọṣepọ̀ lórí rédíò, ẹ bá wa bi í léèrè pé bí ọkọ̀ náà bá bàjẹ́ lọ́dún kẹta, owó ta ni yóò tún un ṣe. Bí ó bá ní owó ìjọba ni, àga ni wọ́n rà.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ̀wà olóyin àti ìrẹsì ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà. Ní ọdún tó kọjá, agbaṣẹ́ṣe kan tó ní òun ń kó oúnjẹ fún àwọn ṣọ́jà gba àpò ẹ̀wà 60 lọ́wọ́ mi, ó sì san ìdajì owó. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, á ní ìjọba kò tíì sanwó fún òun, pé ọ̀rọ̀ ológun ni, kò ṣeé béèrè. Ṣé lóòótọ́ ni kò ṣeé béèrè? Ṣé èmi fúnra mi kò sì lè máa tà fún wọn tààrà? (Ìyá ẹlẹ́wà, Bódìjà)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹni náà ń fi aṣọ ológun bo gbèsè ara rẹ̀ ni. Kò sí ṣọ́jà kankan tó gba ẹ̀wà lọ́wọ́ yín. Òun ló gbà á, òun ló jẹ yín lówó, yálà ìjọba san tirẹ̀ tàbí kò san án, àfi tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀ pé ìgbà tí ìjọba bá san ni yóò tó san. A wo ẹ̀dà ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́. Ọjọ́ wà níbẹ̀, iye àpò wà níbẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó sì kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó kó o sẹ́yìn ìwé. Ìwé tó dára ni. Ẹ mú un lọ bá agbẹjọ́rò kí ó kọ lẹ́tà sí i. Bí ìyẹn kò bá mú un san, ilé ẹjọ́ ló kù.

Ti pé ọ̀rọ̀ ológun kò ṣeé béèrè gba àlàyé, nítorí pé abẹ́ gbólóhùn yẹn ni púpọ̀ nínú àwọn agbaṣẹ́ṣe ń sá sí. Òfin ọjà rírà ìjọba ti ọdún 2007 sọ pé bí owó agbaṣẹ́ṣe bá wà nílẹ̀ kọjá 60 ọjọ́ lẹ́yìn tó ti fi ìwé owó rẹ̀ sílẹ̀, ìjọba ti jáfara nìyẹn, èlé tí àdéhùn là sílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 15 nínú òfin kan náà yọ ọjà àkànṣe tó jẹ mọ́ ààbò orílẹ̀-èdè sílẹ̀, àyàfi tí Ààrẹ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé kí òfin náà mú un. Nígbà tí òfin ọ̀hún wá ń ṣàlàyé ohun tí ọjà àkànṣe jẹ́, ohun ìjà, ọta àti ẹ̀rọ tí àwọn ológun tàbí ọlọ́pàá nílò ló dárúkọ, ó sì fi kún un pé, àti ohun mìíràn tí Ààrẹ bá pinnu. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí gbogbo nǹkan ń gbà wọlé. Ní tiwa o, ẹ̀wà olóyin kì í ṣe ọta ìbọn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹ̀wà yóò gbéra lọ sójú ogun àti ọ̀nà tí yóò gbà jẹ́ àṣírí, kí ẹnikẹ́ni má sì béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ra àpò kan, ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n sanwó, kò sí ọ̀tá tí yóò fi ìyẹn ṣẹ́gun wa.

Ẹ lè tà tààrà. Ẹ ó fi orúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní CAC, ẹ ó ní ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta, ìwé ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ yín bí ẹ bá ní wọn, ẹ ó sì forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú àjọ BPP tó ń mójú tó ọjà rírà ìjọba. Èyí kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ohun tó le ni owó tí yóò wà nílẹ̀ láàárín ìgbà tí ẹ kó ẹrù lọ àti ìgbà tí ìjọba san. Bí ẹ kò bá lè fi owó àpò 60 sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin láì yá owó elélé, ẹ má ṣe é ní ẹ̀yin nìkan; ẹ pe oníṣòwò mẹ́ta mìíràn nínú ọjà yín kí ẹ jọ ṣe ilé iṣẹ́ kan.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tajà fún ológun láwìn kì í ṣe tuntun ní ìlú wa. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ni ẹni tí à bá pè ní aládàáni tó ga jù nínú ètò ìpèsè ogun nígbà ayé rẹ̀. Ó ní oko ńlá, ó ń ṣòwò dé etíkun, ó sì ń fún àwọn olóyè ogun ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn, kí wọ́n tó lọ sójú ogun kí wọ́n tó kó ẹrú àti ìkógun dé láti san án. Gbèsè náà ga, ó dáwọ́ àwìn dúró. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1874, Ààrẹ Látòósà fi ẹ̀sùn mẹ́ta kàn án: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi ohun ìpèsè ránṣẹ́ sí òun nígbà tí òun wà lójú ogun, àti pé kò wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun kú àbọ̀. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Kí oṣù kẹfà tó parí, wọ́n ti pa á lóru nínú ilé rẹ̀. Ẹ tún ẹ̀sùn kejì yẹn kà. Owó tí wọ́n jẹ ẹ́ kò sí nínú ẹ̀sùn, ọjà tí kò gbé wá ló di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ní ìbọn, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó ga ju ààfin Ààrẹ lọ tí ó lè gbé ìwé gbèsè lọ. Ẹ̀yin ní ilé ẹjọ́, ìyá wa, ẹ lò ó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, iṣẹ́ jórinjórin ni mò ń ṣe ní Àràròmí, Agodi Gate. Àwa mẹ́rin la jọ jáde ní Pólì Ìbàdàn, ọ̀kan nínú wa mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ dáadáa. Ṣé òfin tuntun yẹn lè jẹ́ kí a máa ṣe ọkọ̀ tí ọta kì í ràn? A ti ṣe géètì onírin tí ọta kò lè wọ̀ fún alájì kan. (Jórinjórin, Agodi Gate)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, a kí yín fún ìgboyà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni ti yìnbọn lu géètì alájì náà rí? A kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Irin ọkọ̀ ayẹta yàtọ̀ sí irin géètì: wọ́n ti fi iná sè é, wọ́n ti pa iná náà lójijì kí ó lè le, iná tí ẹ bá sì fi jó o pọ̀ a máa sọ etí ibi tí ẹ jó di rírọ̀. Ọta kì í wá ibi tó le. Ẹ lè gbé irin tó dára jù láyé wá, kí ó jẹ́ pé ojú ibi tí ẹ ti jó o ni ọta yóò gbà wọlé, tàbí kí ibẹ̀ sán fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan nítorí ọ̀rinrin tó wà lára ẹ̀lẹ́kítíróòdù tí ẹ lò. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi ń lo ẹ̀lẹ́kítíróòdù irin tí kì í dípẹtà, tí wọ́n ń ka ìwọ̀n iná tí wọ́n ń lò, tí wọ́n sì ń gbé ọkọ̀ lọ sí pápá kí wọ́n yìnbọn lù ú kí wọ́n tó tà á.

Ní ti òfin, ọdún 1964 ni wọ́n dá DICON sílẹ̀ ní Kàdúná, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Fritz Werner láti Jámánì. Ìjọba nìkan ló ń dá a ṣe, nǹkan kò sì lọ bí wọ́n ti rò ó. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 fún un láṣẹ láti bá àwọn aládàáni ṣe àjọṣepọ̀, ó fi ètò ìwádìí ìmọ̀ ẹ̀rọ ohun ìjà sínú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí àṣẹ lórí àwọn tó fẹ́ ṣe irú ohun bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn aládàáni tilẹ̀ ti wà nídìí rẹ̀ ṣáájú. Ẹ kò nílò láti lọ jìnnà: ní Òde-Rẹ́mọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé iṣẹ́ Proforce ń ṣe ọkọ̀ ayẹta tí wọ́n sọ ọ̀kan lára wọn ní Àrá. Ní Kàdúná, DICON àti ilé iṣẹ́ SUR láti ilẹ̀ Tọ́kì jọ dá ilé iṣẹ́ aṣọ ológun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fún ẹnikẹ́ni láyè láti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ó máa rọ ìbọn. Òfin ohun ìjà ti ọdún 1959 ṣì wà níbẹ̀ digbí, ó sì mú alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ṣakabùlà náà.

Èyí tí a ó gbà yín nímọ̀ràn kò ní ariwo rárá. Ẹ fi ọkọ̀ ayẹta sílẹ̀ ná, ẹ wo ohun tó ń dá ọkọ̀ ológun dúró sínú igbó. Ọkọ̀ tí ọta kò ràn, eruku lè pa á. Ẹ mú fílítà afẹ́fẹ́ ọkọ̀ tó ti rin ojú ọ̀nà yanrìn wò: ẹ gbọ̀n ọ́n sórí bébà, ẹ ó rí eruku pupa tó kúná bí ẹ̀lùbọ́, bí ó bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì kò rí afẹ́fẹ́ mí mọ́, bí fílítà náà bá sì lu, eruku ọ̀hún a wọnú ẹ́ńjìnnì lọ í ha á. Ìwúwo ìhámọ́ra a máa ṣẹ́ sípíríìngì, radiétọ̀ a máa jò, rọ́bà tó so ẹ́ńjìnnì ró a máa ya. Láti òkè òkun ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí, oṣù ni wọ́n sì fi ń retí wọn. Bí ẹ bá lè ṣe sípíríìngì tó gba ìwúwo náà, tí ẹ sì ní ìwé àyẹ̀wò tó fi hàn bẹ́ẹ̀, ẹ kò ní láti máa wá àwọn ọ̀gá ológun kiri. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ni yóò wá yín wá.

Ibẹ̀ náà ni àjọṣepọ̀ tòótọ́ lè ti bẹ̀rẹ̀. Dípò kí ìjọba ra ọgọ́rùn-ún ọkọ̀, kí ogójì wà lórí bíríkì lẹ́yìn ọdún méjì, àdéhùn lè sọ pé iye ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wà ní ṣẹpẹ́ ni owó yóò gùn lé. Ọjọ́ tí kò bá gbéra, a kò sanwó rẹ̀. Aládàáni tó mọ èyí kò ní ra fílítà ayédèrú, torí òun ni yóò jìyà rẹ̀. Ìjókòó ni, bí a ti wí fún bàbá olùkọ́ lókè.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ọ̀rọ̀ yín tó kọjá bí mi nínú. Ọmọkùnrin mi wà lójú ogun ní Bọ̀rnó. Ẹni tó ń jèrè lórí ogun kò ní fẹ́ kí ogun parí. Ẹ jókòó sí ọ́fíìsì yín lábẹ́ fáànù, ẹ ń kọ̀wé pé kí aládàáni wọlé. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ní wọn kò sanwó fún òun, tí kò gbé omi lọ, ọ̀fun ta ni yóò gbẹ? (Ìyá ṣọ́jà, Ọ̀jọ̀ọ́)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, Ọlọ́run yóò dá a padà fún yín láyọ̀. A kò ní bá yín jiyàn lórí èrè, nítorí pé ohun tí ojú ayé ti rí ju èyí tí ẹ sọ lọ.

Nígbà tí àwọn Amẹ́ríkà wà ní Afghanistan, àwọn agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n gbé iṣẹ́ kíkó oúnjẹ, omi, epo àti ọta lọ sí àgọ́ àwọn ọmọ ogun fún. Iye iṣẹ́ náà jẹ́ bílíọ̀nù 2.16 dọ́là, agbaṣẹ́ṣe ni yóò sì wá ẹni tí yóò ṣọ́ tírélà rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti gbé ewu kúrò lọ́rùn ìjọba. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, ìgbìmọ̀ kan nínú Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí jáde pé owó ẹ̀ṣọ́ náà ń lọ sọ́wọ́ àwọn alágbára tó ní ọmọ ogun tiwọn lójú ọ̀nà, ó sì ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú rẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀tá gan-an tí wọ́n ń bá jà. Ọdún tó tẹ̀lé e, àjọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti wo gbogbo iṣẹ́ àgbàṣe ogun Iraq àti Afghanistan fojú bù ú pé láàárín bílíọ̀nù 31 sí 60 dọ́là ló ti bá ìnákúnàá àti jìbìtì lọ. Ewu kì í lọ nítorí pé a kọ orúkọ ẹlòmíràn sí i. Ó ń wá ibi tí a kò ṣọ́ ni.

Ilé wa náà kò sàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, mílíọ̀nù 9.3 dọ́là ni wọ́n bá ní owó bébà nínú bàálù aládàáni kan tó gbéra láti Nàìjíríà lọ sí South Africa, ìjọba ìgbà náà sì ní ohun ìjà ni òun fẹ́ fi rà. Lọ́dún 2015, ọ̀rọ̀ bílíọ̀nù 2.1 dọ́là tí wọ́n ní ó yẹ kó ra ohun ìjà gba ìlú kan. Ṣùgbọ́n, ìyá wa, àwọn méjèèjì yìí kì í ṣe àjọṣepọ̀ tí à ń sọ. Kò sí ìdíje, kò sí àdéhùn tí aṣòfin rí, kò sí ìwé iye. Aládàáni wà níbẹ̀, òkùnkùn náà sì wà níbẹ̀. Òkùnkùn ni a lè tan iná sí.

Ẹ wo ti omi òkun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ aládàáni kan ra ọkọ̀ ojú omi, àwọn ọmọ ogun orí omi wa ni wọ́n wà nínú rẹ̀, wọ́n sì jọ ń ṣọ́ ibì kan létíkun Èkó tí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè gúnlẹ̀ sí kí ajalèlókun má bàa kọlù wọ́n. 2,500 dọ́là ni wọ́n ní ọkọ̀ kan ń san lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 1,500 lójúmọ́. Àwọn tó ni ọkọ̀ rí ààbò. Nígbà tó di ìparí ọdún 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2020, àjọ tó ń mójú tó èbúté ní kí wọ́n dá a dúró, wọ́n ní iṣẹ́ ààbò tí ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe ni wọ́n ń gbowó lé lórí. Àwọn aṣòfin kan sì ta kò wọ́n pé iṣẹ́ náà wúlò. Ní tiwa, ọ̀tọ̀ ni bóyá ó wúlò, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí owó iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ogun ìjọba ṣe yẹ kí ó wọ àpò rẹ̀. Ìbéèrè kejì yẹn ni ó yẹ kí gbogbo ìlú ti rí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ní ti omi tí ọmọ yín yóò mu, a kò gbà pé kí wọ́n gbé e fún aládàáni kankan. Omi, ọta, ìtọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́, ohunkóhun tó bá ti dé ibi tí ìbọn ọ̀tá lè dé, kí ọmọ ogun ṣe é fúnra wọn. Ilé ìkẹ́rù ní Ìbàdàn tàbí Kàdúná, títún ẹ́ńjìnnì ṣe, aṣọ rírán, epo tó ń ti Èkó lọ sí àríwá, ẹ jẹ́ kí aládàáni díje lé ìyẹn lórí. Níbi tí kò bá sì sí ọ̀nà mìíràn, ọgbọ́n kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá lórí tírélà tí ń gbé ọkọ̀ ogun ńlá: òṣìṣẹ́ aládàáni ni díẹ̀ nínú àwọn awakọ̀ rẹ̀ nígbà àlàáfíà, ṣùgbọ́n wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, tí ìpè bá dún, aṣọ ológun ni wọ́n á wọ̀, òfin ológun ni yóò sì mú wọn. Awakọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè pa fóònù rẹ̀ nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ kò tíì gba owó.

Ẹni tí yóò máa ṣọ́ gbogbo èyí wà nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999. Abala 85 fún Ọ̀gá Ayẹ̀wé-owó-wò ìjọba àpapọ̀ láṣẹ láti yẹ ìwé owó gbogbo ọ́fíìsì ìjọba wò, kò sì yọ ti ológun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbà á láyè láti yẹ ìwé àwọn àjọ tí òfin dá sílẹ̀ wò fúnra rẹ̀. DICON jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ayẹ̀wéwò láti òde ni irú àjọ bẹ́ẹ̀ ń yàn nínú orúkọ tí Ọ̀gá náà bá fi ránṣẹ́, òun á sì sọ tẹnu rẹ̀ lórí àbájáde wọn. Ẹ wá wò ó: bí àdéhùn púpọ̀ sí i bá ṣe ń gba ọwọ́ DICON lọ, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yóò ṣe máa wà lọ́wọ́ àwọn ayẹ̀wéwò tí ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò ló yàn wọ́n. Àwọn aṣòfin wa láti Ọ̀yọ́ lè béèrè àbájáde náà lọ́dọọdún. Ìyá ṣọ́jà ní ẹ̀tọ́ láti bi wọ́n bóyá wọ́n ti béèrè.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, àwa onílé àdúgbò wa ní Òkè-Àdó fẹ́ dáwó ra alùpùpù mẹ́rin fún àwọn Àmọ̀tẹ́kùn. Ṣé àjọṣepọ̀ nìyẹn? Ṣé òfin gbà á? (Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, Òkè-Àdó)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe àjọṣepọ̀, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Èkó ti fi òfin gbé àpò owó ààbò kalẹ̀ láti ọdún 2007, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ àti olówó ń fi owó sí láti ra ọkọ̀ àti ohun èlò fún ọlọ́pàá. Àmọ̀tẹ́kùn tiwa, tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní ọdún 2020, wà lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn ní ìpínlẹ̀ ni kí ẹ kó o fún, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọmọ kan tí ẹ mọ̀ lójú pópó. Kí ẹ tó ra á, ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì náà fọwọ́ sí ìwé tó sọ ẹni tí yóò máa ra epo, ẹni tí yóò máa pààrọ̀ táyà, àti bóyá wọ́n lè gbé wọn kúrò ní Òkè-Àdó lọ sí àdúgbò mìíràn. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ìwé kan náà.